Ta Ló Tú Afẹ́fẹ́ Jíìpù Bàbá Mi Sílẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ fura sí Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì, nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin tí n kò bá táǹkì mi níbẹ̀.

Jíìpù bàbá mi wà níbi tí mo gbé e sí, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ máa gbà kọjá wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, súìṣì wà níbẹ̀. Táǹkì tí a máa kó afẹ́fẹ́ náà pamọ́ sí nìkan ni kò sí. Kò tóbi ju odó kékeré lọ. Ara tírélà kan tó ti kú la ti yọ ọ́, búlúù ni àwọ̀ rẹ̀, mo sì ti kán kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná mi sí i nídìí kí n tó gbé e wá.

Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Èkó mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í gbé nǹkan tuntun lé ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe lọ́wọ́ láìṣàmì sí i, kó má baà di àlòkù kó tó délé. Àwọn kan á fi ìṣó họ ọ́, àwọn kan á fi ọ̀dà kùn ún, wọn á sì tún jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn á máa wo ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá mi a máa ka ìwé ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí bẹ́ńṣì Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó kà, kò mọ̀ ọ́n, nítorí ojú rẹ̀ kò sí nínú ìwé.

"Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì, ẹ kúu iṣẹ́ o. Táǹkì dà?"

Rewáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí.

"Ó wà n'Ìwáyà."

"Ìwáyà kẹ̀? Kí ló ń wá n'Ìwáyà?"

"Ó lọ kí àwọn ẹbí ẹ̀." Ó yọ orí jáde, ó nu ojú. "Ìdí ẹ̀ ti ń dípẹtà. Mo gbé e fún wẹ́dà kan níbẹ̀ tó máa ń fi iná jó irin ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja pọ̀. Ẹni tó bá lè dí ibi tí omi ń gbà wọlé, kò sí bí ò ṣe ní í lè dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Lọ jókòó, ọmọ Òṣómàáló."

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, aṣọ ló sì tà títí ó fi kú. Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì a máa sọ pé bàbá mi lóṣòó ti àwọn oníbàárà, èmi lóṣòó ti mọ́tò. Ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà ẹ̀rín kò wá. Mo ń ronú pé kò sí ohun tó dára tó láti gbé nǹkan oníǹkan pamọ́ sí ju Ìwáyà lọ, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí ọ̀sà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí táǹkì afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú jíìpù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo ti ń fi jíìpù náà gbé àwọn nọ́ọ̀sì kan tó ń yẹ ojú àwọn arúgbó wò ní àwọn abúlé etí òkun lọ́nà Àgbádárìgì. Yanrìn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà. Táyà tó bá yó dáadáa máa ń rì sínú yanrìn bí ṣíbí ṣe ń rì sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Èèyàn ní láti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi rọ̀, tí á fẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà rí. Ìgbà náà ni yóò rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá padà dé orí ọ̀nà ọlọ́dà, táyà rírọ̀ yóò ya bí a bá sáré. A ní láti tún un fẹ́, kò sì sí fọkanáísà kankan létí òkun.

Pọ́ǹpù kékeré kan ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Oṣù tó kọjá, ó jóná lórí táyà kejì. Ilẹ̀ ṣú bá èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì lórí yanrìn, ẹ̀gbọ́n mi Morákinyọ̀ ló gbéra láti Àgùdà wá fà wá jáde. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn.

"Jíìpù bàbá wa ni," ó ní, "kì í ṣe tìẹ nìkan. Mo ti rí ẹni tó máa rà á. Tó bá fi di ọ̀sán Sátidé tí jíìpù yìí ò lè gbé afẹ́fẹ́ ara ẹ̀ dání, mo ta á nìyẹn. Má sunkún sí mi lọ́rùn."

N kò fẹ́ kó tà á. Òun ni iṣẹ́ mi. Ohun mìíràn sì tún wà tí n kò lè sọ fún Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀, torí yóò fi mí ṣẹ̀sín: bí oòrùn bá pa ìjókòó ẹ̀yìn jíìpù náà dáadáa, òórùn aṣọ tuntun ṣì máa ń jáde níbẹ̀, bí ẹni pé bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ tó kọjá sí kọ̀rọ̀ láti mu omi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, táǹkì dé láti Ìwáyà. Dúdú ni.

Mo yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Dúdú níwájú, dúdú lẹ́yìn, dúdú nídìí níbi tí mo kán kútẹ́ẹ̀sì sí.

"Wọ́n ti kùn ún," mo ní.

"Tí wọ́n bá jó irin tán, wọ́n máa ń kùn ún. Àbí o fẹ́ kó tún dípẹtà ni?"

Mo fi oríkèé ìka mi kan táǹkì náà, ó dún gbọ̀ngàn. Mo sọ nínú ara mi pé ohùn rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ n kò kàn án rí tẹ́lẹ̀.

Mo jáde sí ẹ̀bá títì, mo pe Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Táǹkì ẹ ti wà lára tírélà ẹlòmíì, á ti máa sún mọ́ Kánò báyìí. Ibo lo fi àmì sí?"

"Ìdí ẹ̀."

"Níta gbangba? Ọmọdé ni ẹ́, Motọ́lání. Ibi tí ò ti ní í rí i lèèyàn ń ṣàmì sí. Inú. Inú lọ́hùn-ún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo sì gbé jí.

Ní Ọjọ́rú, Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó to gbogbo ohun tó fẹ́ dè mọ́ ọkọ̀ sí i, ó ń nàka sí wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyàwó tó ń fi ẹbí ọkọ han àbúrò rẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì kò ti ní í pọ̀ jù fún un. Táǹkì yóò wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Súìṣì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, ó mú irin idẹ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Èyí ni fáàfù. Òun ni ọba gbogbo wọn. Ẹnu ọ̀nà ni, àárín kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti táǹkì ló ń wà. Ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò ní í jẹ́ kó padà."

"Bí onílé tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ."

"Ó ti yé ẹ!" ó ní, inú rẹ̀ dùn. Ó wo aago. "Mò ń lọ kírun Àìlà. Má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Mọ́ṣáláṣí wà ní òdìkejì títì. Mo wò ó títí ó fi bọ́ bàtà. Nígbà náà ni mo mú sípánà méjì, mo tú fáàfù náà sí méjì. Inú rẹ̀ ń dán, ó rí roboto, bí yàrá idẹ kan tí kòkòrò olówó kan ń gbé. Rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀ àti sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun. Kò sí ojú tó máa dé ibẹ̀. Mo kán kútẹ́ẹ̀sì pupa kan ṣoṣo sí ẹnu idẹ náà níbi tí rọ́bà ti ń jókòó, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu mi sí i títí ó fi gbẹ, mo dè é padà, mo gbé e sí ibi tí mo ti mú un. Mo wá jókòó lórí bẹ́ńṣì, mo ká ọwọ́ lé itan bí ọmọ ilé ìwé.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì dé, ó wo tábìlì, ó wò mí.

"Kò sẹ́ni tó wá?"

"Kò sẹ́ni tó wá."

Ó dà bíi pé ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí fáàfù náà kó tó mú un. Ó lè jẹ́ pé n kò rí i dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn. Bó bá pààrọ̀ rẹ̀, màá mọ̀. Mo ti ní ẹ̀rí tí mi ò ní í pàdánù.

Ó parí iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo tẹ súìṣì, kọ̀mpírẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ológbò tó yó. Abẹ́rẹ́ aago afẹ́fẹ́ gbéra nílẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọgọ́rùn-ún, ni ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí a ṣe fẹ́. Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì fa rọ́bà gígùn kan jáde, ó fi fẹ́ táyà kan wò, ó tún jẹ́ kí abẹ́rẹ́ padà sí ọgọ́rùn-ún.

"Tì í pa," ó ní. "Mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Tó bá fi di àárọ̀ ọ̀la tó ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti tán."

Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, abẹ́rẹ́ náà ti sùn sílẹ̀ pátápátá.

Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì po ọṣẹ mọ́ omi nínú abọ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ kún táǹkì, ó sì ń fi kànìnkànìn pa ìfófò ọṣẹ mọ́ gbogbo oríkèé, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀. Ó pa á mọ́ ìdí táǹkì, kò hó. Ó pa á mọ́ ẹnu rọ́bà, kò hó. Wákàtí méjì ló fi dùbúlẹ̀ lábẹ́ jíìpù. Ọṣẹ kán sí i lójú, ó bú ẹni tó ṣe ọṣẹ.

"Kò sí ibi tó ń jò," ó ní níkẹyìn.

"Afẹ́fẹ́ ọ̀hún wá lọ síbo?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Mo rò ó pé irọ́ ni. Ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti kékeré, báwo ni kò ṣe ní í mọ̀? Ẹnu mi yá ju èrò mi lọ.

"Bóyá táǹkì yìí kọ́ ni táǹkì mi."

Ó gbé abọ́ ọṣẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì yíjú sí wa bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbọ́ èyí tó kù.

"Motọ́lání. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tún mọ́tò yìí ṣe fún bàbá ẹ."

"Bàbá mi náà máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì yìí, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n máa ń ṣọ́ yín."

"Ó máa ń jókòó. Ó máa ń ṣọ́ mi. Ṣùgbọ́n tó bá rò ó pé mo jalè, ó máa ń sọ ọ́ sí mi lójú, màá bú u, òun náà á bú mi, a ó jọ mu omi." Ó mú bàtà rẹ̀. "Wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ní Sátidé, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi dé. Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì ti wà níbẹ̀. Orí bẹ́ńṣì mi ló jókòó sí.

"Lónìí, èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ," ó ní. "Ṣí ọkọ̀."

Mo ṣí i. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ kún táǹkì, ó pa súìṣì. Kò tún wo abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Iwájú ló lọ, ó tú ìbòrí kékeré tó wà lẹ́nu kọ̀mpírẹ́sọ̀, ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fa atẹ́gùn sínú. Ó ya ọ̀rá tí wọ́n fi di àkàrà tó jẹ, ó fi bíńtín rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rá náà ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bíi pé ọmọ tuntun kan ń mí sí i.

"O rí i?" ó ní. "Ìta kọ́ ló ń jò sí. Ibi tó gbà wọlé ló ń gbà padà. Ọba ti sùn lẹ́nu iṣẹ́."

Fáàfù. Kí ó tó na ọwọ́ sí sípánà ni mo ti mọ ohun tó máa bá níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ wọlé, fóònù lọ́wọ́, ó ti múra bí ẹni tó ń lọ báńkì.

"Rewáyà, ẹ kúu iṣẹ́ o! Ṣé afẹ́fẹ́ ti dé, àbí ó ṣì wà n'Ìwáyà?"

"Ó wà lọ́nà," Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì dá a lóhùn, kò gbójú sókè.

"Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ti wà ní Jíbówú. Mo ní kó mu mínírà kan kí n tó pè é."

Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì tú fáàfù náà sí méjì, ó gbé e sí oòrùn. Pupa kan wà lẹ́nu idẹ tó ń dán náà, ó le, ó yọ díẹ̀ bí irorẹ́. Rọ́bà tó yẹ kó jókòó lé ẹnu idẹ, orí pupa yẹn ló ń jókòó sí, kò sì lè pa ẹnu dé. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ mi. Mo ká ìka mi wọlé kó má baà rí èékánná mi, ṣùgbọ́n ó ti rí wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ bèèrè.

"Ìdọ̀tí," ni Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì wí.

Mo gbọ́ ọ, n kò gbà á gbọ́. Ọkàn mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sinmi: kí ló dé tó fi bò mí? Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?

"Ìdọ̀tí nínú nǹkan tuntun?" Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ná, ta lẹ fẹ́ fi ṣe sùẹ̀gbẹ̀? Ẹ gbé tuntun lọ, ẹ gbé àlòkù síbẹ̀! Motọ́lání, mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ? Olè ni. Ẹ jẹ́ n pe ọkùnrin yẹn kó máa bọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì ti dìde dúró. Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì di fáàfù náà mú láàárín ìka méjì, ó ń dúró. Mo wá rí i pé èmi ló ń dúró dè. Bí mo bá dákẹ́, jíìpù ti lọ, orúkọ rere Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí jíìpù lọ náà.

"Èmi ni mo kán an síbẹ̀," mo ní.

"Kán kí ni?"

"Kútẹ́ẹ̀sì. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n lọ kírun. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi àmì sí inú."

Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ mú fóònù kúrò létí. "Mo ní kó o ṣàmì sí i, mi ò ní kó o fún un lọ́rùn pa!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ojú tì mí.

"Aago mélòó ni?" Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀."

"Ọ̀sán lo dá fún un. Ọ̀sán ò tíì pọ́n." Ó ti ń da tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà sórí àkísà. Ó nu ẹnu idẹ náà, pupa náà yọ́, ó bọ́. Ó fi rọ́bà náà kan ètè ara rẹ̀ wò bóyá ó ṣì dán, ó dè é padà, ó ní kí n tẹ súìṣì.

Abẹ́rẹ́ gòkè dé ọgọ́rùn-ún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, ilẹ̀kùn jíìpù ṣí sílẹ̀, à ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wo ìkòkò ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ fi ìka kan dígí aago náà, bóyá abẹ́rẹ́ ti há. Kò há. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà, ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Ó wo jíìpù, ó wò mí, ó gbé e.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹbí ò tíì fohùn ṣọ̀kan." Ó ti fóònù bọ àpò, ó na ìka sí mi. "Oṣù mẹ́ta. Tí mo bá tún wá fà ẹ́ jáde nínú yanrìn kan, màá tà á pẹ̀lú ìwọ nínú ẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde.

"Kútẹ́ẹ̀sì ọ̀hún dà?"

Mo yọ ọ́ nínú báàgì. Ó gbà á, ó kán an sí ẹ̀yìn kọ̀mpírẹ́sọ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, ó kán an sí ara fáàfù níta.

"Gbogbo oníbàárà ló ń ṣàmì. Mi ò bá ẹnì kankan jà rí. Ibi tí àwa méjèèjì á ti máa rí i nìyí."

"Táǹkì ńkọ́?"

"Táǹkì ti ní tiẹ̀," ó ní. "Ó wà lábẹ́ dúdú yẹn." Ó dá ìgò náà padà fún mi, ó kọjá sí mọ́ṣáláṣí, ó fi gbogbo sípánà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú mi.

Ọjọ́ Ajé, a dé etí òkun. Mo tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, jíìpù rin yanrìn lọ, ó rin yanrìn bọ̀. Níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti bẹ̀rẹ̀, mo tẹ súìṣì, mo fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ọmọ ló ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n lọ ra àgbọn lábẹ́ igi kan.

Mo dúró dè wọ́n. Òkun ń pariwo. Mo ní kí n má ṣe é, mo sì ṣe é. Mo dùbúlẹ̀ lórí yanrìn, mo rá sábẹ́ jíìpù, mo fi kọ́kọ́rọ́ họ ìdí táǹkì náà.

Búlúù yọ. Ọkàn mi ní táǹkì búlúù pọ̀ ní Èkó. Mo tún họ ọ́. Pupa yọ, pupa mi, ó tóbi bí ojú ẹyẹ.

Mo wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yanrìn ń wọ inú irun mi. Ibi tí mo họ náà ti dán, omi òkun á sì tètè mú un dípẹtà. N kò ní ọ̀dà dúdú lọ́wọ́. Mo ṣí ìgò kútẹ́ẹ̀sì, mo fi kun gbogbo ojú ibẹ̀, ó pupa rokoṣo lára dúdú yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé jíìpù lọ sí Mushin kí Bọ̀ọ̀dá Jẹ̀lílì tún àwọn wáyà wò. Yóò wo abẹ́ ọkọ̀, yóò rí i. Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ sí i lójú kó tó bi mí.